Yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dínwó rẹ̀ lórí sáìtì: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Obòkun, Iléṣà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rẹ́ mi kan ń sìnkú bàbá rẹ̀ ní Iléṣà, àwa tá a sì ń bọ̀ láti Èkó pọ̀. Mo rí yàrá lórí sáìtì kan: wọ́n fa ìlà sórí owó àtijọ́, wọ́n wá fi àwọ̀ pupa kọ ìdajì rẹ̀ sábẹ́. Mo sanwó lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ lálẹ́, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà wo fóònù mi títí, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, kò sí orúkọ yín níbí, yàrá sì ti tán." Inú mọ́tò ni mo sùn, èmi àti agbádá tí mo ti lọ̀ dáadáa. Owó yẹn padà wá ṣá, àmọ́ ojú mi rí tó. Kí ló ń fa irú èyí gan-an?

Ẹ̀yìn Káńtà, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Irú ọmọbìnrin yẹn lèmi náà. Ó pẹ́ tí mo ti wà ní ìdí káńtà hòtẹ́ẹ̀lì ní Ifẹ̀ níbí.

Kì í ṣe gbogbo yàrá ilé la ń kó sórí sáìtì. Ká ní ogún yàrá la ní, ọ̀gá lè yọ mẹ́rin síbẹ̀. Tí ẹ bá wá rí i pé "ó ku yàrá kan ṣoṣo", ẹyọ kan nínú mẹ́rin yẹn ló kù, ẹ sì lè dé kẹ́ ẹ bá yàrá tó ṣófo lọ bẹẹrẹ. Wàhálà tiyín wá láti òdìkejì: oníbàárà kan yà wọlé láti títì, ó ka owó sílẹ̀, a fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan lọ ti yàrá yẹn pa lórí sáìtì. Mánéjà nìkan ló mọ password, mánéjà sì wà níbi òde ìyàwó ní Òṣogbo. Bí yàrá kan ṣe ń di ti ẹni méjì nìyẹn.

Owó tí wọ́n fa ìlà sí ńkọ́? Iye tá a lẹ̀ mọ́ ògiri ni. N kì í gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi lásìkò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde OAU, tàbí nígbà Ọlọ́jọ́ tí Ọọ̀ni ń dé Adé Arè, tí gbogbo ayé ń ya wọ Ifẹ̀. Lásìkò yẹn, ẹ̀dínwó kankan ò sí lórí ilẹ̀.

Màmá kan ti Amẹ́ríkà wá síbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ àbúrò rẹ̀. Ó ní sáìtì kan tó ń jẹ́ Hotwire lòun ń lò lọ́hùn-ún: àdúgbò àti iye ìràwọ̀ tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí hòtẹ́ẹ̀lì ṣe dára tó nìkan ni wọ́n máa fi hàn ọ́, o ò ní mọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì títí wàá fi sanwó, kò sì sí pé o fẹ́ gbowó rẹ padà. Ó bọ́gbọ́n mu: hòtẹ́ẹ̀lì ń ta yàrá tó ṣófo lówó pọ́ọ́kú láìjẹ́ kí ẹni tó ń san iye gidi mọ̀. Màmá wá fi ojú yẹn wo tiwa, ó rí "ìràwọ̀ mẹ́ta". Ọ̀gá wa ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ o. Nígbà tí jẹ́nẹ́rétọ̀ kú láago mẹ́fà àárọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá, tòun ti aṣọ ìnura lọ́rùn: "Ìwọ ọmọ yìí, ìràwọ̀ mẹ́ta dà?" Mo ní, "Mà, wọ́n wà lára pátákó ìta." Ọlọ́run ló ní kó rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Sáìtì ńlá bíi Booking.com sábà máa ń gba nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ bá wá pè wá pé, "Iye báyìí ni mo rí lórí sáìtì, ṣé ẹ máa gbà á tí mo bá san án fún yín tààrà?", kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ tán, mo ti gbà. Ẹ béèrè ìgbà tí jẹ́nẹ́rétọ̀ ń kú, àti bóyá VAT, owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti wà nínú owó náà. Tó bá sì jẹ́ sáìtì lẹ ti sanwó, ẹ ṣáà pè wá kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Ìyá Ìbejì, Mọdákẹ́kẹ́

Ọmọ mi, pípè náà ní tiẹ̀ nínú o. Mo ń wá yàrá fún àlejò, mo pe nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ pé ti hòtẹ́ẹ̀lì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin kan gbé e, ó fi àkáǹtì ránṣẹ́. Orúkọ èèyàn ló wà lórí ẹ̀, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Mo ní kó fi ti hòtẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́, ó pa fóònù. Lójú ẹsẹ̀ ni mo gun ọ̀kadà lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì náà, wọn ò mọ nọ́ńbà yẹn rí. Èyí tí wọ́n bá kọ pé kí n san nígbà tí mo bá dé nìkan ni mò ń mú báyìí.

Ẹ̀yìn Káńtà, Ilé-Ifẹ̀

Òótọ́ ni, mà. Ẹ ṣáà tètè dé. Yàrá tí a ò tíì gbowó rẹ̀, tí mọ́tò Èkó bá ti ń já èrò sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá máa ní kí n tà á ni.