Báwo ni ẹ̀jẹ̀ òní ṣe ń sọ ti ṣúgà oṣù mẹ́ta?

Ọmọ Aṣẹ́rò: Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Wọ́n ní kí ìyá mi tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra lọ ṣe àyẹ̀wò HbA1c, tí ó ń fi bí ṣúgà ara ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ òní ni wọ́n fà. Àbúrò mi tí ó ní fònikú-fọ̀ladìde fẹ́ ṣe é pẹ̀lú, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní èsì tirẹ̀ lè tan dókítà jẹ. Kí ló fà á?

Oníláàbù Ìbarà: Ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì pupa ni ìdáhùn ìbéèrè yín méjèèjì. Kí sẹ́ẹ̀lì yìí tó kúrò nínú mùdùnmúdùn egungun ni ó ti ju kókó inú rẹ̀ (nucleus), tí àṣẹ ṣíṣe purotéènì wà nínú rẹ̀, nù, nítorí náà kò lè ṣe purotéènì tuntun dípò èyí tí ó bá bàjẹ́ ní nǹkan bí 120 ọjọ́ tí yóò lò. Ní gbogbo àkókò yẹn, ṣúgà ń lẹ̀ mọ́ hẹmoglobin rẹ̀, purotéènì pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹ́ńsáìmù kankan tí ó ń so wọ́n pọ̀, tí ó bá sì ti lẹ̀ tán, agbára káká ni ó fi ń tú. Sẹ́ẹ̀lì àná àti ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ó jọ wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà. Ìdá hẹmoglobin tí ṣúgà ti lẹ̀ mọ́ ni ẹ̀rọ ń kà. Sẹ́ẹ̀lì àbúrò yín kì í sábà lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, ṣúgà kò sì ráyè kó sí i lára, ni èsì fi ń lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Apòògùn Kútọ̀: Kì í ṣe ṣúgà nìkan. G6PD, ẹ́ńsáìmù tí ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì, náà ń dín kù bí sẹ́ẹ̀lì ti ń dàgbà, ó sì ń yára dín kù lára àwọn tí wọ́n jogún irú rẹ̀ tí kò lágbára, tí wọn kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. (Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ tuntun: ó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú wọn.) Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fara kan ohun tí ń fọ́ ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì àgbà ni yóò kọ́kọ́ fọ́, tí a bá yẹ G6PD wò lójú ẹsẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ́kù lè mú kí èsì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta.

Ọmọ Aṣẹ́rò: Ẹ ṣeun gan-an. Báwo ni ara ṣe ń mọ èyí tí ó ti gbó?

Oníláàbù Ìbarà: Omi inú rẹ̀ àti awọ rẹ̀ ń dín kù, ó sì ń ki sí i. Hẹmoglobin tí ó ti bàjẹ́ ń lẹ̀ mọ́ band 3, purotéènì inú awọ rẹ̀, àwọn wọ̀nyí á ṣù jọ, àwọn èròjà agbóguntàrùn á sì so mọ́ wọn. Nígbà náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì inú spleen (ẹ̀yà ara tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀) àti ẹ̀dọ̀ yóò gbé e mì. Ní ti àbúrò yín, ẹ béèrè àyẹ̀wò fructosamine lọ́wọ́ dókítà: purotéènì inú omi ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wò, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni ó ń sọ, kò sì gbára lé ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì pupa.