Ètò kọ̀ǹpútà wo ni ó yẹ fún gbígba orin àti ìlù dùndún sílẹ̀ nínú ilé?
Ẹ̀yin onímọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya yàrá kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ilé mi ní Ìbàdàn láti máa gba orin àti ìlù dùndún sílẹ̀, mo sì ń fẹ́ ìmọ̀ràn lórí ètò kọ̀ǹpútà tí ó yẹ kí n fi ṣe é. Windows ni kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ń lò, RAM rẹ̀ kò ju 8 GB lọ, makirofóònù méjì péré ni mo sì ní.

Audacity ni mo ń lò báyìí. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n nígbà tí akọrin bá ń kọrin lé ìlù tí a ti gbà sílẹ̀ lórí, ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó dé etí rẹ̀. Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti ìyáàlù: ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹnu, nítorí náà bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti omele bá bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tí mo bá ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí ìlù ń wí ti sọnù nìyẹn.

Mo ti ronú nípa Reaper, tí a lè fi 60 ọjọ́ dán wò lọ́fẹ̀ẹ́, àti FL Studio, tí ẹni tí ó bá rà á kì í tún sanwó fún ẹ̀dà tuntun. Èyí tí a ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù kò bá mi lára mu rárá. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú yín ti fi ọ̀kan nínú méjèèjì gba ìlù aláwọ sílẹ̀ rí, báwo ni ẹ sì ṣe mú kí ohùn ìyáàlù yọ ketekete?