4294967297: ṣé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni àbí òun kọ́?

Òǹṣirò_Kékeré
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Irú nọ́ńbà wo ni 4294967297, ìyẹn 2^32 + 1? Mo fi 2 ṣe ìdánwò Fermat fún un nínú Python (ká pe nọ́ńbà náà ní N, ìdánwò náà ń wo àṣẹ́kù tí 2^(N − 1) fi sílẹ̀ tí a bá fi N pín in), ó gbé 1 jáde, bí ẹni pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ (prime, èyí tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló pín in tán) ni. Mo kọ ọ́ ní C pẹ̀lú uint64_t (irú nọ́ńbà oníbíìtì 64), ó gbé 0 jáde. Èwo ni kí n gbà?

Bàbá_Ìṣirò
Má gba ìkankan. 641 × 6700417 ni. Fermat, onímọ̀ ìṣirò, gbà pé gbogbo 2^(2^n) + 1 ló jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́, torí pé 3, 5, 17, 257 àti 65537 rí bẹ́ẹ̀. Euler, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, ló tú u fó ní 1732.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó bá máa pín in tán gbọ́dọ̀ jẹ́ 64k + 1 (k jẹ́ odidi nọ́ńbà). 193, 257, 449 àti 577 nìkan ló ṣáájú 641, iṣẹ́ kékeré ni. O tiẹ̀ lè rí i láìpín ohunkóhun: 641 = 5 × 2^7 + 1, ó sì tún jẹ́ 5^4 + 2^4. Tó bá jẹ́ àṣẹ́kù lórí 641 là ń kà, 5 × 2^7 já sí −1. Sọ mẹ́rin irú rẹ̀ di púpọ̀ pọ̀, 5^4 × 2^28 já sí 1. Fi −2^4 rọ́pò 5^4, −2^32 di 1. Ìyẹn ni pé 2^32 + 1 kò ṣẹ́ nǹkan kan kù.

Python kò purọ́ o, 2 ni kò yẹ kí o lò. Lórí nọ́ńbà yìí, 2^32 já sí −1, 2^64 sì já sí 1. N − 1 jẹ́ 2^32, 64 sì pín ìyẹn tán, kò sí bí kò ṣe ní gbé 1 jáde. Fi 3 dán an wò, àṣírí á tú.

Kóòdù_Tààrà
Ti C nìyí, a ń sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀: 2, 4, 16, 256, 65536, 4294967296. Èyí tó kàn jẹ́ 2^64, bẹ́ẹ̀ 2^64 − 1 ni uint64_t lè gbà mọ. Ẹyọ kan péré ló fi kún àkúnya! Ó di 0, ó sì ń bá 0 lọ. Lo unsigned __int128 nínú GCC tàbí Clang (àwọn tó ń túmọ̀ kóòdù C). Uint32_t tún burú jù, N fúnra rẹ̀ á di 1 níbẹ̀.

Òǹṣirò_Kékeré
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. 6700417 ńkọ́, ṣé òun náà kò tún ṣeé pín?

Bàbá_Ìṣirò
Kò ṣeé pín mọ́. Lucas, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, ti sọ 64k + 1 di 128k + 1, a ò sì ní kọjá 2588, torí 2589 × 2589 ti ju 6700417 lọ. Ó ku 257, 641, 769, 1153 àti 1409. Tí a bá fi wọ́n pín 6700417, àṣẹ́kù wọn ni 170, 44, 120, 334 àti 622.

Mẹ́rin péré ló wá pín N tán: 1, 641, 6700417 àti òun fúnra rẹ̀. Ro mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀, 6701059 ni, kò tiẹ̀ sún mọ́ N, nítorí náà nọ́ńbà aláìtó ni (àròpọ̀ àwọn tó pín in tán, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, kéré sí i). Èyí tó wù mí jù ni pé ó jẹ́ 65536^2 + 1^2, ó tún jẹ́ 62264^2 + 20449^2. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ nípa 641 rí lè fi ìyẹn nìkan dá a lẹ́jọ́, torí nọ́ńbà àkọ́kọ́ kì í ní ju ọ̀nà kan lọ tí a fi lè kọ ọ́ bí a^2 + b^2.