Ṣé ìbéèrè "Ta ni mí?" tó láìsí olùkọ́?
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa Advaita, ẹ̀kọ́ Híńdù tó ní ohun gbogbo jẹ́ ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Shankara, olùkọ́ Advaita àtijọ́, ní Brahman, òtítọ́ kan ṣoṣo tí kò lópin, nìkan ló wà, pé àìmọ̀ ló ń jẹ́ ká rí i bí nǹkan mìíràn, bí ẹni tó rí okùn nínú òkùnkùn tó pè é ní ejò. Ó tún ní ká kọ́ Upanishad, àwọn ìwé mímọ́ Híńdù, lọ́dọ̀ olùkọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ Ramana Maharshi, ọlọ́gbọ́n ará Íńdíà tó ń kọ́ni ní ìbéèrè "Ta ni mí?". Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ẹ̀rù ikú bà á ní Madurai lọ́dún 1896. Ó nà gbalaja bí òkú, ó ń wádìí ẹni tó ń kú gan-an. Ìyẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo àlàyé lọ! Mò ń bi ara mi ní "Ta ni mí?" láràárọ̀ bó ṣe kọ́ni, ṣùgbọ́n èrò mìíràn ló ń dáhùn. Ṣé kí n máa bá a lọ, àbí kí n kọ́kọ́ wá olùkọ́?