Kírímù àgbọn mi kì í dúró lórí kéèkì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kéèkì. Oníbàárà kan níbí ní Adó-Èkìtì fẹ́ kéèkì tí kò ní wàrà màlúù rárá, torí ó máa ń da inú ọmọ rẹ̀ rú.

Àgbọn gbígbó 3 ni mo rin. Mo fi kọ́ọ̀pù 2 omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún un, mo sẹ́ ẹ, mo gbé e sí fíríìjì di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá rẹ̀ léfòó, ó dì. Mo bu ìyẹn nìkan sínú abọ́ tútù, mo fi míksà lù ú pẹ̀lú ṣúgà lílọ̀ ṣíbí 3. Ó kọ́kọ́ funfun, ó wú. Kò pẹ́ ló bá ṣẹ́ wẹ́wẹ́ bí gàrí tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, omi sì ń sun lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo lù ú fún ìṣẹ́jú kan péré, kò ṣẹ́ mọ́, àmọ́ ó yọ́ kí n tó fi bo kéèkì tán. Òróró àgbọn kì í kọjá nǹkan bí 24°C kó tó yọ́, ilé ìdáná wa sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wàrà àgbọn inú agolo tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù (ohun tó ń mú un ki) sí kì í tilẹ̀ pínyà kí n lè bu ọ̀rá rẹ̀. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí n kò sè, tí mo pò mọ́ kírímù náà kó lè dúró, ń ṣe bí ẹfun lẹ́nu.

Bí mo bá wá se sítáàṣì náà bí ẹ̀kọ kó tó tutù, ṣíbí mélòó ló yẹ kọ́ọ̀pù kan kírímù, ṣé kó tó wọ fíríìjì ni kí n dà á sí i, àbí ìgbà tí mo bá ń lù ú?