"Ta ló kú?"

Ìfẹ́ tí mo ní sí orin Pink Floyd, ẹgbẹ́ olórin òyìnbó ìlú London, bẹ̀rẹ̀ nínú àpótí àwo bàbá mi, n'Íbàdàn. Obey wà níbẹ̀, Sunny Adé wà níbẹ̀, Haruna Ishola sì pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra. Àwo òyìnbó méjì péré ló wà láàárín wọn, Pink Floyd ni méjèèjì, ìgbà tí bàbá mi ń kàwé ní London ló rà wọ́n. Páálí The Dark Side of the Moon, ti 1973, dúdú kirikiri, ìmọ́lẹ̀ gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, ó di òṣùmàrè. Lára páálí Wish You Were Here, ti 1975, ọkùnrin méjì ń bọ ara wọn lọ́wọ́, iná sì ń jó ọ̀kan. Iná gidi ni o, afẹ́fẹ́ tiẹ̀ fẹ́ ẹ jó irunmú ọkùnrin náà. Ìyá mi kì í jẹ́ kí páálí yẹn kọjú síta ní pálọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, bí a bá ń lọ́ra láti dìde, bàbá mi á gbé abẹ́rẹ́ lé orin Time, ti inú The Dark Side of the Moon. Aago á rọra máa ró, kẹ́, kẹ́, lójijì gbogbo wọn á hó yèè. Ẹ ò rí bí a ṣe ń fò dìde! Alan Parsons tó ń bá wọn gba ohùn sílẹ̀ ní sítúdíò Abbey Road, ní London, ló ti kọ́kọ́ ká ohùn àwọn aago náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta aago àtijọ́.

Orin tó tẹ̀ lé e gan-an ni mo fẹ́ sọ. Obìnrin kan, Clare Torry, ló gbé ohùn sókè níbẹ̀, kò pe ọ̀rọ̀ kankan, ó kàn ń ké ni. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi ń dín dòdò lọ́wọ́, ló bá jáde sí wa, òróró ń kán lára ṣíbí ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ta ló kú?"

Bàbá mi ní orin ni.

"Orin kọ́, bàbá ẹ. Ẹkún òkú nìyẹn."

Ìyá mi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ikú lorin náà dá lé lóòótọ́. Ọgbọ̀n pọ́n-ùn ni wọ́n san fún Torry lọ́jọ́ tó kọ ọ́. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2004, wọ́n parí ẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orúkọ rẹ̀ sì wọ inú orúkọ àwọn tó ni orin náà. Ó tọ́ sí i.

Nígbà tí èmi náà dé London, mo wá àwọn àwo wọn tó kù. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ṣe ní sítúdíò, láti 1967 títí dé 2014. Kí n má parọ́, àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí lára. Àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ mi a máa ráhùn pé orin wọn ti gùn jù. Èmi tí wọ́n fi Obey tọ́, tí orin kan ń gba odidi ojú àwo, kí ló gùn níbẹ̀? Ní Shine On You Crazy Diamond, ti inú Wish You Were Here, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ kẹ́nikẹ́ni tó la ẹnu. Gìtá David Gilmour á dún lẹ́ẹ̀mẹrin, á dákẹ́, á tún dún, bí ìyá ìlù tó ń pe èèyàn.

Syd Barrett ni wọ́n ń fi orin náà pè. Òun ló fún ẹgbẹ́ náà lórúkọ, kí ọpọlọ rẹ̀ tó dàrú, tó fi kúrò láàárín wọn lọ́dún 1968. Ní June 5, 1975, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí orin yìí gan-an ní Abbey Road nígbà tí ọkùnrin sísanra kan wọlé, ó fárí, ó fá irun ojú mọ́ ọn. Wọn ò dá a mọ̀. Ìgbà tí wọ́n mọ̀ pé Syd ni, Roger Waters, ọ̀kan nínú wọn, sunkún.

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé iná fóònù ti kú. Ó wá ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi rí."

N ò mọ̀ rí pé ó ní ẹ̀gbọ́n kankan. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wà ní London. Lọ́jọ́ kan, ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó kọjá lára ọkùnrin kan tí aṣọ rẹ̀ ti gbó, kò sì wo ojú ẹ̀. Ọkùnrin náà ló pè é lẹ́yìn: "Àkànjí!"

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bi mí bóyá àwo òun ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ, mo gbé fóònù tì í. Abẹ́rẹ́ fò níbi tó ti máa ń fò láti Ìbàdàn, mo sì gbọ́ tí bàbá mi ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, òun náà nìyẹn."