Ìwé àwòrán àti eré fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ ò tètè yọ lẹ́nu rẹ̀: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Olùtọ́jú Ọ̀rọ̀ (ẹni tó bẹ̀rẹ̀):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ kéékèèké tí ọ̀rọ̀ ò tètè yọ lẹ́nu wọn ni mò ń tọ́jú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá a bọ̀, síbẹ̀ ìtàn tí mo fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ yìí, ìtàn àṣìṣe mi ni.

Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá, ó ti lé díẹ̀ ní ọdún 3. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pé mẹ́wàá. Mo mú ìwé àwòrán tí mo fẹ́ràn jù, mo ṣí i, mo nàka sí ajá. "Kí nìyí?" Ó dákẹ́. "Àwọ̀ wo ni? Ẹsẹ̀ mélòó ló ní? Ìyí ńkọ́?" Kí n tó dé ojú ewé kẹrin, ọmọ ti wà lábẹ́ tábìlì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í fọkàn sí nǹkan.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wo fídíò ìjókòó wa. Láàárín ìṣẹ́jú 5, ìbéèrè 31 ni mo bi í. Ẹ dán an wò lára àgbàlagbà, òun náà á wá abẹ́ tábìlì kan kó sí.

Nígbà tó padà wá, ìwé kan náà ni mo mú. Nínú ìwé yẹn, ajá gun orí àga, ó sì jábọ́. Mo nàka sí i, mo ní, "Ajá jábọ́. Gbì!" Mo wá panu mọ́. Mò ń ka ení, èjì nínú ikùn mi, mo sì ti pinnu pé mi ò ní sọ nǹkan kan títí n ó fi ka ẹ̀wá. Kò rọrùn o. Ìṣẹ́jú àáyá 10 tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, ńṣe ló dà bíi pé ilé ń jó tí mo sì jókòó. Mo ti ka ẹ̀jọ nígbà tí ọmọ yẹn wo àwòrán, ó wo ojú mi, ó ní, "Bì!"

"Gbì! Ajá jábọ́!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé dé, ó tún ṣí ojú ewé yẹn kan náà. A ṣe é tó ìgbà mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ajá oníke kékeré kan àti àga bèbí jáde, mi ò sì gbé nǹkan mìíràn sí i. Ajá gun àga, ajá jábọ́, gbì. Bèbí gun àga, bèbí jábọ́, gbì. Nígbà tí mo mú bèbí gun òkè lẹ́ẹ̀kẹta tí mo wá dá ọwọ́ dúró, ó ní, "Bèbí, bì!" Ọ̀rọ̀ méjì tó so pọ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn fọwọ́ bo ẹnu.

Ní 1978, àwọn olùwádìí méjì, Anat Ninio àti Jerome Bruner, kọ̀wé nípa ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ máa ń wo ìwé àwòrán. Wọ́n rí i pé ohun mẹ́rin ni ìyá yẹn ń ṣe lóòrèkóòrè: ó ń pe ọmọ pé kó wò ó, ó ń bi í pé kí nìyẹn, ó ń dárúkọ nǹkan náà fún un, ó sì ń gba ohun tí ọmọ bá mú wá. Bí ọmọ rẹ́rìn-ín, bó ṣe "bà-bà" lásán, ìyá á kà á sí ìdáhùn. Ìbéèrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni nínú mẹ́rin. Èmi ti sọ ẹyọ kan yẹn di odindi iṣẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín.

Ìyá Àkọ́bí:

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ tiyín mà, ara tù mí díẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin mi ń fẹ́. Ìwé ológbò kan ni, ológbò tó ń wá ibi tó máa sùn. Alaalẹ́. Kí n má purọ́, mo ti fi í pamọ́ sábẹ́ ibùsùn rí, tí mo ní a ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Mo sọ fún olùtọ́jú rẹ̀ pé bí a bá ń ka ẹyọ ìwé kan báyìí, ibo ni ọmọ á ti rí ọ̀rọ̀ tuntun kọ́? Ó ní ká fi í sílẹ̀. Ó sọ fún mi nípa ìwádìí tí Jessica Horst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2011. Wọ́n kàwé fún àwọn ọmọ ọdún 3. Ìtàn kan náà ni àwọn kan ń gbọ́ léraléra, ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà fún àwọn yòókù, bẹ́ẹ̀ iye ìgbà tí àwọn méjèèjì gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun náà dọ́gba. Àwọn tó ń gbọ́ ìtàn kan náà ló mú ọ̀rọ̀ náà dání jù. Mo bá lọ yọ ìwé lábẹ́ ibùsùn.

Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni pé kí n máa kà á bó ṣe wà títí ọmọ á fi mọ̀ ọ́n dunjú, kí n wá máa fi ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn sílẹ̀. "Ológbò wọ inú…" Mo dúró. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kejì, ó nàka. Ọ̀sẹ̀ yẹn parí láìsí ọ̀rọ̀, mo sì ti ń bínú. Lálẹ́ ọjọ́ kan, oorun ń kùn mí, mo fo ojú ewé méjì kó lè yá. Ọmọ yìí gbá ọwọ́ mi dànù, ó ṣí ìwé padà sẹ́yìn, ó ní, "Pótí!" Ojú ewé àpótí ni mo fò.

Ọmọ Ilé Kẹta:

Ọmọ tèmi jẹ ìwé tiẹ̀ ni o. Ó fi eyín ya orí kìnìún kúrò.

Olùtọ́jú Ọ̀rọ̀:

Ẹ má bínú, ẹ̀rín ń pa mí. Ẹ wá ìwé tí ojú ewé rẹ̀ jẹ́ páálí líle. Bẹ́ ẹ bá rí èyí tó ní ìbòrí kékeré tí ọmọ lè ṣí, tí nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ mú un. Ọ̀rọ̀ "ṣí i" á ti ibẹ̀ jáde kí ọdún tó yí.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní kíláàsì tiwa, a máa ń yí kókó eré padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ọ̀sẹ̀ yìí ẹranko, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ọkọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ilé ìwòsàn. Ó rẹwà lójú ògiri. Àwọn ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa gbádùn rẹ̀. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ ṣì wúwo lẹ́nu wọn, kí ọ̀rọ̀ ẹranko tó máa wọ̀ wọ́n létí, a ti kó ẹranko wọlé. Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ wa ló ní ká fi kókó kan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ká sì mú ọ̀rọ̀ bíi mẹ́jọ péré tí a ó máa rí nínú ìwé, tí a ó sì tún máa rí nínú eré. Mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ kó sú àwọn ọmọ ni. Èmi ló sú.

"Bèbí ń wẹ̀" ni kókó wa nígbà yẹn. Ìwé rẹ̀ wà, àwòrán nìkan, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ (mo fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa ní o kà á ṣì). Lẹ́yìn ìwé, a gbé abọ́ omi, ọṣẹ, kànìnkànìn àti bèbí kan kalẹ̀. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ibi tí nǹkan wà ni a fẹ́ kọ́ wọn: orí, inú, ẹ̀yìn, abẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun kan tí mo ti ń sọ látìgbà tí mo ti dáyé. Ara ènìyàn ni èdè wa fi ń júwe ibi. Orí bèbí, orí àga. Ẹ̀yìn bèbí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Inú bèbí, inú abọ́. Ọmọ tó bá ti fọ ẹ̀yìn bèbí ti mú ìdajì ọ̀rọ̀ náà dání.

Nítorí náà, a fọ orí bèbí, a wá gbé kànìnkànìn sí orí àga. A fọ ẹ̀yìn, a wá fi kànìnkànìn pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn, ìka nìkan ló máa ń nà sí ohun tó bá fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kànìnkànìn sọnù lóòótọ́, kì í ṣe pé a fi pamọ́, gbogbo wa ń wá a kiri. Ó wá síwájú mi, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yìn!" Mo bojú wẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sí níbẹ̀. Ó gbé bèbí sókè, ó yí i padà. Kànìnkànìn ti lẹ̀ mọ́ bèbí lẹ́yìn.

Bàbá Ọlọ́mọ Méjì:

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, inú mi ń dùn, ó sì ń dùn mí. Àwa náà kàwé. A ṣeré. Oṣù mẹ́fà gbáko. Ibi tí a kọ́kọ́ gbé ọmọ wa ọkùnrin lọ, wọ́n ní ká ṣe sùúrù, pé ọmọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká yẹ etí rẹ̀ wò. Kò ní ibà, kò fa etí, kò sunkún. Tí mo bá wà níwájú rẹ̀, á máa wo ẹnu mi tọ̀ọ̀. Tí mo bá wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé mi ò sí nílé. Mo pè é ní alágídí.

Omi ló dúró sẹ́yìn ìlù etí rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Dókítà ní bí ẹni tó ri orí bọ omi tí ẹlòmíràn ń bá a sọ̀rọ̀ létídò ló ṣe ń gbọ́ wa. Ó ní púpọ̀ nínú irú omi yìí máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ti ọmọ mi kò lọ, wọ́n wá fi páìpù tín-ín-tìn-ín sí i létí. Lẹ́yìn náà, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ń ṣí ìwé, mi ò tíì sọ̀rọ̀. Ó yíjú padà. Ìró bébà ló gbọ́.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín kò tíì sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ná. Ìwé kò ní sá lọ.

Àǹtí Kékeré:

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín jiyàn díẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni èmi náà ń ṣe. Mi ò fẹ́ kí àwọn òbí kúrò níbí kí wọ́n máa rò pé ìbéèrè ti di èèwọ̀. Ní 1988, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn òbí ọmọ ọdún 2 bí wọ́n ṣe máa wo ìwé àwòrán pẹ̀lú ọmọ: kí wọ́n dín kíkà lásán kù, kí wọ́n béèrè ohun tí "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" kò lè dáhùn, kí wọ́n sì máa fẹ ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá sọ. Oṣù kan péré, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn ti ṣíwájú ti àwọn tí òbí wọn ń kàwé bí wọ́n ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí?" kì í ṣe ẹgbẹ́ "Àwọ̀ wo nìyí?"

Olùtọ́jú Ọ̀rọ̀:

Àbúrò mi, òótọ́ lo sọ, mo gbà. Ohun kan ni kí a fi kún un: àwọn ọmọ inú ìwádìí yẹn ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ wọn. Ọmọ tèmi kò tíì ní ohun tó máa fi dáhùn. Bí mo bá bi í pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, ojú ló máa tì í. Nígbà tó ti ń so ọ̀rọ̀ méjì-mẹ́ta pọ̀, mo padà sí ìbéèrè, ó sì ń dáhùn mi. Nígbà míì, ìdáhùn rẹ̀ gùn ju àkókò wa lọ.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ọ́:

Ọmọ mi ní autism, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà ọ̀tọ̀, tó fi kan ọ̀rọ̀ sísọ àti bó ṣe ń bá ènìyàn ṣe. Tí wọ́n bá gbé eré ilé ìwòsàn kalẹ̀, á fi sílẹ̀, á lọ to ọkọ̀ oníke rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti kó wọn pa mọ́ rí kó lè wá ṣeré tó yẹ. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Olùtọ́jú rẹ̀ tuntun jókòó sílẹ̀, ó bá a to ọkọ̀. "Ọkọ̀. Ọkọ̀. Ọkọ̀ dúró." Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi tò ó kí ọmọ mi tó gbé ọkọ̀ kan lé olùtọ́jú náà lọ́wọ́. Àwòrán tí wọ́n yà kò sọ nǹkan kan fún un, nítorí náà fọ́tò ọkọ̀ tirẹ̀ gan-an la fi ṣe ìwé. Ìwé yẹn ló máa ń gbé sùn.

Ìyá Kìnìún:

Tèmi kò ní ìṣòro àìsọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ jù. "K" ni kò lè pè, "t" ló ń fi rọ́pò rẹ̀. "Tẹ̀tẹ́" ni kẹ̀kẹ́, "tọ́tọ́rọ́" ni kọ́kọ́rọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi rẹ́rìn-ín, títí tó fi ń dákẹ́ tí wọ́n bá wọlé. Mo lé wọn jáde nígbà eré. Olùtọ́jú rẹ̀ ní kí n má ṣe ní "Ó yá, sọ kìnìún," kí n kàn máa dá a padà fún un bó ṣe tọ́. Ìwé ẹranko àti eré ẹranko la mú, tí kìnìún, àkùkọ àti akàn wà nínú rẹ̀. Ó máa ń ní, "Tìnìún ń sùn." Èmi á ní, "Kìnìún ń sùn lóòótọ́. Ó ti rẹ kìnìún."

Lọ́jọ́ kan, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ (mo mọ̀, kò yẹ kí n ṣe é). Mo ní, "Wo tìnìún." Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. Ó ní, "Màmá! Tì í ṣe tìnìún! Tìnìún ni!"

Olùtọ́jú rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ náà pé lọ́kàn rẹ̀ bó ṣe yẹ, etí rẹ̀ sì mọ ìyàtọ̀ nígbà tí èmi bá pè é, ẹnu nìkan ni kò tíì bá wọn. Ìyẹn ti lé ní oṣù méjì. Lánàá ó ti ilẹ̀kùn mọ́ kìnìún nínú àpótí, ó ń wá ohun tó máa fi ṣí i, ó ń kùn sí ara rẹ̀, kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀: "Tọ́tọ́rọ́ dà? Tọ́tọ́rọ́… kọ́tọ́rọ́ dà?"